Ẹ Jẹ́ Ká Dáwó Jọ Kí Ọkọ̀ Lè Ti Làdẹ̀rìn Dé Ìtòkú: Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí nílé lóko àti lẹ́yìn odi, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan la ti ń ríra, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ èyí, wọ́n ní èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ sọ jù, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé torí pé èmi ni mo pariwo jù nípàdé tó kọjá ni. Owó la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má dà bíi pé mò ń fi ìkíni bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ohun tó bí ariwo tí mo pa nìyí. Èkó ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo wọ rélùwéè ní Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lára, mo sùn díẹ̀, ìgbà tí mo máa lajú wọ́n ní a ti dé Abẹ́òkúta. Ìbùsọ̀ tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Làdẹ̀rìn. Ọmọ Aké ni bàbá yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀, àmọ́ èmi tí mò ń lọ sí Aké gangan, ibẹ̀ ni wàhálà mi ti wá bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí bọ́ọ̀sì kankan tó ń lọ sí àárín ìlú. Àwọn onítákísí yí wa ká, "Pánṣẹ́kẹ́! Kútọ̀! Ẹ̀gbọ́n, ṣé drọ́ọ̀pù ni?" Mo ní Aké ni mò ń lọ, ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo báàgì mi, ó wá pe iye tó ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé mi láti Èkó wá lọ. Mo rẹ́rìn-ín ni, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà o.

Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aláṣọ ni, Ìtòkú ló ti ń tajà, ó di kàm̀pálà tí kò tà lẹ́rù mọ́ra. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn tóun máa wọ rélùwéè nìyí, ó ní ọkọ̀ náà dáa, kò sí gó-síló, ṣùgbọ́n owó tóun máa fi ti ibùdókọ̀ délé ti jẹ èrè aṣọ méjì, kóun kúkú máa wọ ọkọ̀ òun ní gáréèjì Kútọ̀ bóun ṣe ń ṣe látijọ́. Èmi àti òun la jọ dá owó takisí náà nígbẹ̀yìn. Ó sọ̀ ní Ìtòkú, ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ṣí nínú ọjà ò ju méjì mẹ́ta lọ, òkùnkùn birimù.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹ rántí rélùwéè àtijọ́ tó dé ìlú wa kó tó dé Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ Làfẹ́nwá àtijọ́ yẹn, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ ti wà láàárín àwọn tó ń tajà. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, irin gidi ni, mi ò ní bú u, ilẹ̀ tó fẹ̀ ló wá, ilẹ̀ tó fẹ̀ ò sì sí láàárín Ìjẹmọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ibi tó fẹ̀ lọkọ̀ máa dúró sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé èrò láti ibẹ̀ wọlé ni. Èyí tí ò sí nìyẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àárín ìlú fúnra rẹ̀. Ẹ gun Olúmọ lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá mọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni títí lọ, àwọn àlejò á máa ya fọ́tò, wọ́n á ní ó rẹwà. Ó rẹwà bíi kí ni? Ilé bàbá ẹlòmíì ló ń jò níbẹ̀ yẹn. Ká sì má purọ́ fúnra wa, kì í ṣe ìjọba nìkan ló fi àárín ìlú sílẹ̀, àwa náà ni. Ilé ẹbí tí ẹni mẹ́rìnlá ń jà lé lórí, ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, torí kò sí ẹni tó fẹ́ náwó sí ohun tí ẹlòmíì máa bá a pín. A lọ kọ́lé sí Ọbáńtokò, a lọ kọ́ sí Aṣẹ́rò, a kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Òkè-Ìlewó, ìgbà tí òkú bá kú là ń padà wá sí agboolé. Èmi alára, Aṣẹ́rò ni mò ń gbé. Ẹ má fojú burúkú wò mí.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta. Ìtòkú tí a ti ń pa aró, Aké tí wọ́n ti kọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́, ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859 nígbà tí ìlú míì ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1930, nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ, wọ́n kọ́ Sẹ́ńtínárì Họ́ọ̀lù sí Aké láti fi ṣàmì, ó ṣì dúró síbẹ̀ dòní. 2030 ló máa pé igba ọdún. Ó ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Kí làwa fẹ́ nawọ́ sí pé a ṣe? Ankara àṣọ ẹbí?

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ bèèrè kò le. Ọkọ̀ tó máa ti Làdẹ̀rìn gbéra nígbà tí rélùwéè bá dé, tó máa gba Òkè-Mósàn, Kútọ̀, Ṣàpọ́n, Ìtòkú dé Aké, tó sì máa ní aago tó ń gbéra, kì í ṣe pé ó dìgbà tó bá kún. Ní 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún tí owó ọkọ̀ fi gbẹ́nu sókè, ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbé bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì jáde, torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ tó wà nínú wa, ẹ má bínú sí wa, a ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Àpáta ló kún ìlú yìí, bọ́ọ̀sì ò lè gun àwọn kọ̀rọ̀ Ìjẹmọ̀ àti Kémta láéláé, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn láti ibi tí bọ́ọ̀sì bá já wọn sí. Kìkì pé kí ẹ ní ibi kan tí ẹ ti máa dúró, kó má jẹ́ àárín títì ní Ìtòkú ni ẹ máa ti máa pe èrò, "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," tí ọkọ̀ ogún á sì tò sẹ́yìn.

Ṣé kéèyàn kàn lọ sọ fún wọn ni? A ti lọ. Ọ́fíìsì kan tí a lọ, wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n fún wa ní omi inú ike, wọ́n wá bi wá pé èrò mélòó ló ń bọ́ lọ́jọ́ kan tó fẹ́ lọ sí àárín ìlú, a ń wo ara wa lójú. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Torí náà kíkà ni a fẹ́ fowó yín ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀dọ́ méjìlá, ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé àti bírò, ní ibùdókọ̀ Làdẹ̀rìn, ní Kútọ̀, ní Ṣàpọ́n àti ní Ìtòkú, kí wọ́n bi èèyàn pé níbo lẹ ti ń bọ̀, níbo lẹ ń lọ, ọkọ̀ mélòó lẹ wọ̀, èló lẹ san. A máa fún wọn lówó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, a ò ní lo ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. A máa ya máàpù, a máa kọ pètíṣọ̀n, a máa gbé e dé ààfin, dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, dé ọ́fíìsì tó fún wa lómi yẹn.

Ẹni tó bá ní pètíṣọ̀n ò lè ṣe nǹkan, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Láti 1947 ni wọ́n ti ń tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n kọ òmíì, wọ́n lọ jókòó síwájú ààfin, orin ni wọ́n ń kọ, títí tí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin fi kúrò, tí Aláké Adémọ́lá náà fi ìlú sílẹ̀ ní 1949. Ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó, iná sólà la máa fi ṣe láti Ṣàpọ́n dé ẹnu ọjà Ìtòkú, a ó sì kó ìdọ̀tí inú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò Ṣókòrì kí òjò tó dé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bèèrè iná tí a rà lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni, oṣù mẹ́ta ló lò tó fi kú, èyí tó pọ́ọ́kú la rà, ẹjọ́ wa ni, a ti gbà. Lọ́tẹ̀ yìí ẹni méjì tó mọ̀ nípa iná láàárín yín ló máa lọ rà á, rìsíìtì á sì wà lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan tún dábàá pé ká tẹ bánnà ńlá tí fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ máa wà lórí ẹ̀. A ti fagi lé e. Kò ní sí fọ́tò ẹnikẹ́ni, tèmi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ mo sì rẹwà díẹ̀ o.

Iye rẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ₦5,000. Ọmọ ilé ìwé àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ₦1,000, tí kò bá sí, kó wá bá wa kà fún ọjọ́ kan, a ó gbà á bí owó. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, a ò ní bu iye lé yín lórí, ẹ mọ ara yín, ẹ̀yin náà lẹ máa ń pariwo jù pé ìlú ti bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá wálé lóṣù Kejìlá. Sàfẹ́yọ̀ tó bá lè bá wa ya máàpù, lọ́yà tó bá lè ka pètíṣọ̀n yẹn kí a tó fọwọ́ sí i, oníṣọ́ọ̀bù tó bá lè yá wa ní bẹ́ǹṣì kan tí àwọn ọmọ máa jókòó lé, owó nìyẹn náà. Àáró ni Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà fi bẹ̀rẹ̀, oko oníkálukú ni wọ́n kọ́kọ́ ń bára wọn ro, kí wọ́n tó dìde sí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́.

Nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò, inú gúrúùpù wa nìkan ló máa fi sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ orúkọ mi. A fẹ́ kí owó pé kí ayẹyẹ Lísàbí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù ní agboolé tí a máa ń lò, aago mẹ́wàá àárọ̀, láfún àti ewédú máa wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ẹ wọ rélùwéè. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Làdẹ̀rìn, ẹ wo aago yín, ẹ wo iye tí wọ́n bá pè fún yín, tẹ́ ẹ bá ti dé, ìwé kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀.