Ẹ̀sùn lórí bí ẹ ṣe di Qt mọ́ sọ́fíwíà yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tí sọ́fíwíà yín ń ṣe tẹ́ wa lọ́rùn. Ohun tó ń dùn wá ni wàhálà tí installer rẹ̀ (ètò tó ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà) àti Qt tó wà nínú rẹ̀ (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì wọn) ń dá sílẹ̀ fún àwọn ètò mìíràn tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà.

Lórí Windows, installer yín ń kọ QT_PLUGIN_PATH sínú environment variable (ìtọ́ni tí àwọn ètò máa ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣí) ti gbogbo ẹ̀rọ, ó sì ń tọ́ka rẹ̀ sí fódà plugins (àwọn fáìlì àfikún tí Qt ń gbé wọlé) tiyín, tó jẹ́ ti Qt 5.9. Láti ìgbà náà, ètò yòówù tó bá ń lo Qt 5, fódà yín ni yóò kọ́kọ́ yà kó tó wo tirẹ̀. Ẹ wá wo ètò tó gbé Qt 5.15 tirẹ̀ dání. Yóò bá qwindows.dll yín, plugin tí Qt fi ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, pàdé, yóò sì mú un, torí pé plugin tó bá tuntun ju Qt fúnra rẹ̀ lọ ni Qt ń kọ̀, kì í kọ èyí tó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀, abẹ́nú Qt gan-an ni qwindows.dll ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ti yí padà láti 5.9 dé 5.15. Ohun tí olùlò máa rí ni: "This application failed to start because no Qt platform plugin could be initialized. Reinstalling the application may fix this problem." Yóò yọ ètò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, yóò tún un fi sí i, pàbó ni.

Ẹ wò ó fúnra yín: ẹ tẹ set QT_DEBUG_PLUGINS=1, tó ń mú kí Qt sọ ibi tó ti ń wá plugin, nínú cmd (fèrèsé àṣẹ Windows), kí ẹ ṣí ètò náà láti ibẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó bá tú jáde á dárúkọ fódà yín. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá yọ sọ́fíwíà yín kúrò, QT_PLUGIN_PATH ò bá a lọ. Ọwọ́ la fi ń pa á rẹ́.

Ti Linux náà kò yàtọ̀. Script tó ń ṣí ètò yín ń ṣe export LD_LIBRARY_PATH, variable tó ń sọ fódà tí Linux yóò ti kọ́kọ́ wá library (fáìlì kóòdù tí ètò ń yá lò), ohunkóhun tí ètò náà bá sì ṣí ló ń jogún rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó ṣí fódà nínú Dolphin (ètò tí wọ́n fi ń wo fódà lórí Linux) tó ṣì ń lo Qt 5 kò ní rí nǹkan kan, torí Dolphin ti lọ gbé libQt5Core.so.5 yín, ìyẹn library Qt, ó sì kú pẹ̀lú "version `Qt_5.15' not found".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ méjèèjì. Lórí Windows, Qt ò nílò variable kankan bí Qt5Core.dll, Qt5Gui.dll àti Qt5Widgets.dll bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ exe, tí qwindows.dll sì wà nínú fódà platforms níbẹ̀. Windeployqt, irinṣẹ́ tó bá Qt wá, á kó wọn jọ fún yín. Bó bá jẹ́ dandan kí plugins wà ní fódà ọ̀tọ̀, qt.conf, fáìlì ètò kékeré tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ exe, ni kí ẹ lò: [Paths], lábẹ́ rẹ̀ Plugins=plugins. Lórí Linux, patchelf --set-rpath '$ORIGIN/../lib', tó ń kọ fódà lib sínú ètò náà fúnra rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kó ti wá library, ti tó fún ètò tó wà nínú bin.

Ohun kan kù: bó bá jẹ́ lábẹ́ LGPL 3, ìwé àṣẹ sọ́fíwíà ọ̀fẹ́, ni ẹ ń lo Qt, ó yẹ kí ìwé àṣẹ náà bá a wá. A ò rí i.

Bí àtúnṣe bá máa pẹ́, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń yọ QT_PLUGIN_PATH sójú ìwé ìrànlọ́wọ́ yín báyìí, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ó yẹ kéèyàn jáde kó tún wọlé sínú Windows lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún oníbàárà yín