Òdòdó tí ọyẹ́ ò lè pa ni kí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, torí àsìkò tí àwọn èèyàn wa máa ń ná owó dànù lórí òdòdó ló ń bọ̀ yìí. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ẹ̀bá títì n'Ìbàdàn á kún fún òdòdó títà, kò sì sí èyí tí ò ní wuni, ilẹ̀ tutù, òjò ń rọ̀, kí ni ò ní rẹwà? Èèyàn á ra mẹ́wàá, á ra ogún, á kó o sí búùtù ọkọ̀, inú ẹ̀ á máa dùn lọ sílé. Ó di oṣù kìíní kó tó mọ nǹkan tó rà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ yan òdòdó sẹ́yìnkùlé, ẹ má wo bó ṣe rí lóṣù kẹfà, ẹ béèrè bó ṣe máa rí lóṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí kànga ti lọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé omi tí ẹ máa fi wẹ̀ gan-an lẹ̀ ń wá kiri.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí a kó dé Àkóbọ̀, mo ra róòsì mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta òdòdó, ó ní kò ní wàhálà kankan, kí n ṣáà máa bomi rin ín. Lóòótọ́ ó yọ òdòdó pupa, mo ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, gbogbo ẹbí ń bá mi yọ̀. Ìgbà tó di oṣù kejìlá, korobá tí a bá jù sínú kànga, ẹrẹ̀ ló ń gbé bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi, mi ò wá lè máa da omi tí mo fowó rà sídìí róòsì nígbà tí àwọn ọmọ ò tíì wẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe tìtorí owó nìkan, mo ti fẹ́ràn wọn.

Ibi tí mo ti ń wo àwọn igi gbígbẹ yẹn lọ́jọ́ kan ni mo rí òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní periwinkle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò mọ ẹni tó gbìn ín, kò sẹ́ni tó bomi rin ín rí, òun ló dúró gbọn-in nínú eruku tó ń yọ òdòdó píǹkì. Ojú mi là lọ́jọ́ náà. Madagascar ni òdòdó yìí ti wá, ọ̀gbẹlẹ̀ ò dẹ́rù bà á, omi àpọ̀jù ló máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ jẹrà. Tó bá gbó á fúnra ẹ̀ da èso ẹ̀ sílẹ̀, òjò dé, ó hù. Ewúrẹ́ àdúgbò wa tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ò fẹnu kàn án títí dòní. Ewé ẹ̀ yìí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Kánádà ti rí oògùn vinblastine ní 1958, inú ẹ̀ náà ni vincristine ti wá, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni já a sè mu o, mo mọ àwọn tó ń mu ún torí ìtọ̀ ṣúgà, májèlé ni, ẹ jẹ́ kó máa dùn-ún wò nílẹ̀ níbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti wá ń rántí nǹkan tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá bàbá mi l'Ókè-Àdó. Màmá ò ra òdòdó kankan rí láyé wọn, síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn ń tàn. Tanáposó wà níbẹ̀. Tó bá ti ń di aago mẹ́rin, márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á ṣí, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀, tí oòrùn bá mú lọ́jọ́ kejì á padé, lórí igi kan ṣoṣo ẹ lè rí pupa, ẹ lè rí yẹ́lò, ẹ sì lè rí èyí tó jẹ́ méjèèjì pọ̀ lórí òdòdó kan náà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le jù, orí ẹ̀ lè gbẹ, ẹ má fà á tu o, ó ní nǹkan bí isu lábẹ́ ilẹ̀, tí òjò bá dé á tún rú jáde. Èso ẹ̀ dúdú bí iyèré, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré fi sẹ́nu. Ìdò náà wà níbẹ̀, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni Màmá gbìn ín sí, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn jáde, ọgbọ́n ńlá nìyẹn, torí ìdò fẹ́ràn omi, wọn ò sì ní í máa pọn omi lọ síbẹ̀, èèyàn ṣáà ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ìdò ń mu ún, ó ń yọ òdòdó pupa fòò.

Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n lóòdòdó ò pọ̀. Tí ẹ bá ń já a, ẹ fi igi mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, orí ẹ̀ á yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó, àwọn kan funfun pẹ̀lú píǹkì, irú èyí tí orí ẹ̀ dà bí ogbe àkùkọ pọ́n kọjá sísọ. Òun ò ní dé oṣù kìíní tí kò bá rómi, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ kò ná yín ní nǹkan kan, èso ẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ bá gbọ̀n sílẹ̀ lẹ máa tún gbìn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni bougainvillea. Apá gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló máa ń tàn jù, nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti gbẹ, òun á bo ògiri ní pọ́pù àti pupa. Ẹ má máa bomi rin ín lójoojúmọ́ o, ẹ má da ajílẹ̀ bò ó, tẹ́ ẹ bá kẹ́ ẹ jù, ewé lásán ló máa yọ. Ó lẹ́gùn-ún, torí náà ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá. Ó tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo mọ̀ pé àwọ̀ tí à ń rí yẹn kì í ṣe òdòdó ẹ̀, ewé ni, òdòdó ẹ̀ gan-an ni kékeré funfun tó wà láàárín. Croton náà dáa, ewé ẹ̀ ló láwọ̀, ẹ ṣáà gbìn ín síbi tí oòrùn wà, lábẹ́ ibòji á kàn máa di gíríìnì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ixora, ẹ gbọ́ èyí. Ti èmi pọ́n ní yẹ́lò fún odidi ọdún kan, mo rò pé ebi ló ń pa á, mo ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, kò gbọ́. Ìgbà tí a gbẹ́ ìdí ẹ̀ la rí i pé àwọn bíríkìlà ti da àlòkù sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri. Sìmẹ́ǹtì máa ń yí ilẹ̀ padà débi pé ixora ò ní lè fa èròjà irin (áyọ́ọ̀nù) inú ilẹ̀ mọ́, ibi tí ewé ẹ̀ ti ń pọ́n nìyẹn. A kó gbogbo ẹ̀ kúrò, a da ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà síbẹ̀, ó tún yọ ewé tútù. Torí náà, kí ẹ tó gbin nǹkan kan sí ìdí ògiri, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wò ná. Tí òjò bá sì ti fẹ́ dáwọ́ dúró lóṣù kẹwàá, ẹ fi koríko gbígbẹ bo gbogbo ebè yín, omi á pẹ́ nínú ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní òdòdó máa ń kó ejò wálé, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ẹ̀yìnkùlé pa. Eku àti pàǹtí ni ejò ń wá. Ẹ jẹ́ kí òdòdó yín jìnnà sí ògiri díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dí, ẹ máa gbálẹ̀ ìdí ẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá dí pa, omi òjò ò ní ríbi wọlẹ̀, títì ló máa gbà lọ, àwa tí a mọ Omíyalé ọdún 1980, tí a tún rí ti oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó yẹ kí a fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún omi nílé wa. Mi ò ní òdòdó ló máa dá odò Ògùnpa dúró, àmọ́ omi tó bá wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi ò ní dé ilé ẹlòmíì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, Olóòtú wa: kí oṣù kẹta tó parí, ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín lọ sí NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, ní Ìdí-Ìṣin, òdòdó náà wà nínú iṣẹ́ wọn, kó bi wọ́n léèrè èwo ló ń ṣe dáadáa n'Ìbàdàn láìsí wàhálà omi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú fọ́tò, kéèyàn lè gé e dání lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó. Èso tanáposó wà lọ́wọ́ mi, ó kún agolo mílíìkì méjì, mo ti ń pín in fún àwọn aládùúgbò.

Ìyá Ìbejì,
Àkóbọ̀, Ìbàdàn.