Ibi Olè Gbé Ń Jàre Olóhun

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara mi le ní Milton Keynes níbí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí lọ́sẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé ìpè yín ní Sátidé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Mo ní kí n kọ èsì sílẹ̀, nítorí bí mo bá pè yín, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ ní àbúrò mi ti dé, pé ó ti di ọjọ́ kẹta tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé kò ní jẹ nínú ìkòkò yín títí yóò fi san owó ẹ̀rọ ìlọta tó tà, tó fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Màmá, ẹjọ́ yín tọ́. Ẹ̀rọ yẹn ni ẹ fi rán wa níléèwé. Títí di òní, òórùn ata rodo tó máa ń wà lára ìró yín bí ẹ bá ti Ọjà'ba dé kò kúrò nímú mi. N kò ní kí ẹ pe ohun tó ṣe ní kékeré.

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń ki ìlú wa bí inú wọn bá dùn: Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ibi olè gbé ń jàre olóhun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbólóhùn yẹn máa ń tì mí lójú. Irú oríkì wo nìyẹn? Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ń ka Lúùkù orí 23 nígbà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó dà bí ẹni pé Bàbá ló ń kà á sí mi létí. Olè kan wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìyà náà tọ́ sí òun. Kò ní ọjọ́ kan mọ́ láyé tó máa fi ṣe rere, kò sì lè dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ti kàn án mọ́gi. “Rántí mi” nìkan ló lè sọ. Olúwa ò ní kó lọ san gbèsè ná. Ó ní lónìí ni yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Olè jàre, Màmá, nítorí Olóhun gan-an ló wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ru ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tajà látọjọ́ yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bí a bá ti dá iye lé oore-ọ̀fẹ́, ọjà ló dà yẹn.

Lọ́dún tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Olney, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbí. Ibẹ̀ ni sàréè John Newton wà, òun tí gbogbo ayé mọ orin rẹ̀ nípa oore-ọ̀fẹ́, “Amazing Grace”. Ìjì mú un lójú òkun ní 1748, ó ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ ó padà sídìí òwò ẹrú, ó di ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó wọn. Ó di 1754 kó tó kúrò lójú omi, ó di 1788 kó tó kọ̀wé síta pé ohun ìtìjú ni òun ṣe. Inú bí mi nídìí sàréè yẹn. Èèyàn dúdú bíi tèmi ló ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀! Mo bi Ọlọ́run pé, irú eléyìí náà? Inú náà kò tíì rọ̀ tán, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní kó kọ́kọ́ mọ́ kó tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí. Ogójì ọdún ló fi ń fọ̀ ọ́. Àwọn baba tiwa náà ṣáà kó ẹrú lójú ogun, míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ sì gbé ìyìn rere wá bá wọn ní Kúdẹtì n'Íbàdàn ní 1853, tí Anna ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Nígbà tí Bàbá wà ní ọsibítù, mo sọ fún yín pé gbogbo owó ọwọ́ mi ni mo fi ránṣẹ́. Irọ́ ni. Mo mú ìlàjì pamọ́, mo fi kún owó mọ́tò tí mo fẹ́ rà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kú. Bóyá owó yẹn ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́, n kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dúpẹ́ nítorí mi, ẹ ní ọmọ gidi ni mí. Mo ń wò yín lórí fóònù, n kò lè lanu. Odidi ọdún méjì ni n kò fi lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Olè ni èmi náà, Màmá. Ti àbúrò mi hàn síta ni. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, mo sì mọ̀ pé ó ti dárí jì mí. Ẹ̀yin ló kù. Bí ẹ bá bínú, ẹ bínú, ó tọ́ sí mi.

Owó ẹ̀rọ tuntun ti wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi máa bá yín lọ ata, lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi owó sí i lọ́wọ́ o, nítorí tẹ́tẹ́ kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro àmàlà, ẹ bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, kí ẹ pè é wọlé. Bó bá jẹun tán, ẹ ní kó pè mí. Mo fẹ́ sọ èyí tí mo sọ fún yín yìí fún òun náà.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín.