Owó Ọwọ́ Mẹkáníìkì

Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn onímọ́tò tó ń ráhùn pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mẹkáníìkì fi gba owó gọbọi, pé ìmọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, ẹni tí kò mọṣẹ́ dunjú á ní kẹ́ ẹ ra rádíétọ̀ tuntun. Ọ̀gá á kọ́kọ́ yọ ọ́ìlì wò: bó bá ti rí bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ pa, ló sì sábà máa ń fà á. Tó bá pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, tó ń dá orí náà padà, àárín ló ti ń fún àwọn bóòtù tó dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá fún ẹ̀gbẹ́ kan le lẹ́ẹ̀kan náà, orí ẹ́ńjìnnì lè wọ́, omi á tún máa jò. Owó gáskẹ́ẹ̀tì kejì ńkọ́, àti ti ọkọ̀ tó máa wọ́ mọ́tò yín lọ sílé?

Àwa mẹkáníìkì kan,
Ìbàdàn