Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Élì Náà Jẹ Nínú Ẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ wa tó ń tóbi jù ni mo fẹ́ sọ, torí wọ́n fi ara ọmọ kan ṣẹ̀sín níbí, ìyá ẹ̀ sì bínú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè tó kọjá mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́nikẹ́ni má sì wá bá mi dárò ẹ̀ ní ọ́fíìsì mọ́, mo ti gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ẹ ṣí 1 Sámúẹ́lì 2:29. Olúwa ń bi Élì àlùfáà pé kí ló dé tó fi ń bu ọlá fún àwọn ọmọ ẹ̀ ju Òun lọ, tí ẹ̀yin sì ń fi ààyò ẹbọ Ísírẹ́lì mú ara yín sanra. Àtọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ẹsẹ yìí lákàtúnkà. Tẹ́ ẹ bá padà sí ẹsẹ 13 sí 16, àwọn ọmọ ló ni gbogbo wàhálà yẹn, ìránṣẹ́ wọn ló ń gbé àmúga eléyín mẹ́ta kiri, àwọn ló ń fipá gba ẹran tọ̀rá tọ̀rá kí wọ́n tó sun ọ̀rá fún Olúwa. Élì ò gbé àmúga. Ó tiẹ̀ bá wọn wí, ó wà ní ẹsẹ 23. Kí ló wá dé tí Olúwa fi sọ pé "ẹ̀yin", tó da bàbá mọ́ ọmọ? Ẹ lọ sí orí 4 ẹsẹ 18, níbi tí bàbá yìí ti ṣubú sẹ́yìn látorí ìjókòó, Bíbélì ní ó ti darúgbó, ara ẹ̀ sì wúwo. Èmi gbà pé ẹran tó ń torí ẹ̀ bá àwọn ọmọ jà, òun náà ń jẹ nínú ẹ̀. Ó fẹnu wí, ṣùgbọ́n orí tábìlì ò yí padà.

Ibẹ̀ ló ti wọ ilé wa o. Ọmọ ọdún méje kì í gun ọ̀kadà lọ sọ́jà Atákúnmọ́sà lọ ra páálí mínírà. Ta ló rà á? Ta ló kó o sí fíríìjì? Tára ọmọ náà bá wá ń tóbi ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ, àwa kan náà la máa sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀sín, àwọn ọmọ wa á gbọ́ ọ lẹ́nu wa nínú mọ́tò, wọ́n á wá fi pe ẹgbẹ́ wọn nínú ilé Ọlọ́run, àgbàlagbà á sì rẹ́rìn-ín! Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ìjọ yìí mọ́ láé. Ọmọ tí wọ́n ń fi ara ẹ̀ ṣẹ̀sín á kàn máa sá pamọ́ jẹun ni.

Ẹ jẹ́ á sọ ọ́ bó ṣe wà. Ní Iléṣà níbí, tọ́mọ bá sanra wọ́n á ní ìyá ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀, tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n á ní ṣé kò sówó nílé ni. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká máa bu iyán tó tó ti bàbá fọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó bá ní òun ti yó a ní kó jẹ ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ló fi yíyó síkùn ẹ̀. Ẹ máa bu díẹ̀, tó bá fẹ́ sí i á béèrè. Tó bá sunkún, bísíkíìtì, tó bá yege ìdánwò, kéèkì, kó tiẹ̀ há ẹsẹ Bíbélì sórí, súìtì! Ọ̀pọ̀ nínú mínírà ìgò 50cl yìí, ṣúgà inú ẹ̀ ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Omi ni kọ́mọ máa mu. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń fi mínírà méjì ti iyán lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń pariwo mọ́mọ pé kó mu omi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, Élì ẹsẹ 23 nìyẹn.

Fóònù ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kọ́mọ tí ò tíì pé ọdún méjì má wò ó rárá, láti ọdún 2 sí 4 kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọ ọdún 5 sí 17, ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ló gbọ́dọ̀ fi sáré, kó fò, kó làágùn. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń lọ síkúùlù tá a fi ń bọ̀, a tún dé ilé ta bọ́ọ̀lù. Báyìí lẹ́sìnnì ló kù, lẹ́yìn ẹ̀ fóònù títí di aago mọ́kànlá òru, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, àìsùn náà sì ń mú kí ara tóbi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà o. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tá a mọ̀ mọ́ àgbà ti ń mú ọmọdé.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má torí ìwé mi febi pa ọmọ, ẹ má fún un ní tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé. Nígbà míì ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, nígbà míì àìsàn ló fà á, torí náà ká yé dá ìyá lẹ́bi láìmọ̀dí. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù Wesley Guild, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wo gíga ẹ̀ mọ́ ọjọ́ orí ẹ̀. Kí gbogbo ilé jọ yí oúnjẹ padà, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́, ẹja, ọsàn, kó má jẹ́ pé abọ́ ọmọ kan ṣoṣo la yí.

Ìyá tó fi ìbínú kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé yín nibí. Èmi àti Ìyá Ìjọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹjọ́ kọ́ la wá rò. Ààyè ọmọ wa ṣì wà nínú kọ́ọ̀rù, ohùn ẹ̀ dùn, a nílò ẹ̀.

Ìkéde: Ọjọ́ ìbí ní kíláàsì àwọn ọmọdé, èso àti ẹ̀pà sísè nìkan látìsinsìnyí, ẹ má gbé mínírà wá. Ọgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì á máa ṣí fún bọ́ọ̀lù àti suwé ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a nílò òbí méjì tó máa dúró tì wọ́n. Ìpàdé àwọn ìyá, Túsìdé, aago márùn-ún. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ò tíì pé. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn, ẹ dá a padà kó tó di Sátidé o.