Ìlà funfun ẹ̀yìn bààlù kì í ṣe májèlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá àwàdà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló ń kiri lórí WhatsApp pé ìlà funfun tí bààlù ń fà lójú sánmà, májèlé ni wọ́n ń fọ́n lé wa lórí. Ẹ̀rí tí olùsọ̀rọ̀ náà mú wá ni pé bó bá jẹ́ èéfín lásán ni, ojoojúmọ́ ni à bá máa rí i.

Ìbéèrè gidi ló bi: kí ló dé tí ìlà náà kì í yọ lójoojúmọ́? Ìdáhùn tó fún un ni kò tọ̀nà.

Ìran kẹrosíìnì ni epo tí àwọn bààlù ńlá ń lò. Bó ṣe ń jó ni omi ń ti ara rẹ̀ jáde. Kílò epo kan ń mú omi tó ju kílò kan lọ jáde, nítorí ó ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Lókè tí wọ́n ń fò, bíi kìlómítà 10 sí 12, òtútù lè tó ìwọ̀n 40 sí 50 nísàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ fírísà ilé wa kì í sábà ju 18 nísàlẹ̀ òdo lọ. Kí omi yẹn tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, ó ti di yìnyín wínníwínní. Yìnyín ọ̀hún là ń rí.

Òtútù nìkan kọ́ o. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, kíá ni yìnyín náà ń pòórá, ìrù kúkúrú la ó sì rí, tàbí ká má tilẹ̀ rí nǹkan kan. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ níbẹ̀, ìlà náà á dúró fún wákàtí púpọ̀, á máa fẹ̀ títí á fi dà bí àwọsánmà. Àwọn tó ń ta omi tútù ní Tààkì nílùú wa níbí mọ nǹkan tí mò ń wí. Bí wọ́n bá ṣí fírísà lásìkò òjò, nǹkan funfun á rú jáde. Lásìkò ọyẹ́, agbára káká la fi ń rí i. Fírísà kan náà ni, afẹ́fẹ́ tó bá a pàdé ló yàtọ̀.

Ẹ má sì ṣe fi ọyẹ́ tó ń la wá létè nísàlẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ òkè. Eruku ọyẹ́ kì í sábà dé ibi tí àwọn bààlù yẹn ń gbà, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti òkè ti ń fẹ́ wá. Ìyẹn ni ilẹ̀ ṣe lè gbẹ táútáú kí ìlà náà sì dúró pẹ́. Nígbà òjò ńkọ́? Ìkùukùu ló máa ń bò ó mọ́ wa lójú.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni bààlù méjì tó kọjá lásìkò kan náà, tí ọ̀kan fa ìlà tí èkejì kò fà. Gíga wọn ló sábà máa ń yàtọ̀. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, bààlù ní láti gòkè gan-an kó tó bá òtútù tó tó bẹ́ẹ̀ pàdé. Èyí tó ń ná Èkó sí Àbújá kì í sábà ga tó èyí tó ń lọ sí Yúróòpù, èyí tó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìlọrin kò sí níbi òtútù náà mọ́ rárá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìlà yìí ló ń tú àṣírí bààlù ogun fún ọ̀tá. Onímọ̀ kan, Ernst Schmidt ní Jámánì, ṣe ìṣirò òtútù àti ọ̀rinrin tó ń mú ìlà náà yọ ní 1941, Herbert Appleman ní Amẹ́ríkà sì tún un ṣe ní 1953. Ìṣirò yẹn ni wọ́n ṣì fi ń mọ ibi tí ìlà á ti yọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó wà nínú bààlù ló ń pinnu ọjọ́ tí á yọ, báwo ni ìṣirò òtútù àti ọ̀rinrin ṣe máa bá a mu?

Mi ò sọ pé èéfín bààlù dára. Ó ń dá kún gbígbóná ayé, àwọn ìlà tó ń fẹ̀ yẹn gan-an sì ń dá ooru tó yẹ kó kúrò láyé dúró. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó gba ibẹ̀ jà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Ní àdúgbò wa, mo bá ìyá kan níbi tó ti ń kó láfún tó sá sórí àpáta sápò lọ́sàn-án gangan. Mo fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ ṣì tutù. Mo ní, “Ìyá, oòrùn ṣì ń ràn, kí ló dé?” Ó nawọ́ sókè: “Tíṣà, ṣé ẹ ò rí nǹkan tí wọ́n ń fọ́n ni?” Láfún tí kò gbẹ dénú, bíbu ló máa bu nínú àpò, èébu yẹn gan-an sì ni májèlé tó lè wọ inú ọkà wa.

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì LAUTECH àti àwọn òṣìṣẹ́ NiMet, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọyẹ́ tó wọlé, nígbà tí láfún sísá bá pọ̀ jù.

Èmi ni,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.