Ẹ fún àwa tá a fẹ́ kọ̀tàn ní gbèdéke

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwa tá a fẹ́ máa kọ ìtàn lédè Yorùbá ló ká mi lára, torí fòní dónìí fọ̀la dọ́la ti pa ìtàn tó pọ̀ sí wa nínú. Kò sáyè la máa ń wí, bẹ́ẹ̀ tíṣà ni Fágúnwà l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà tó kọ ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938, ìdíje tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló sì kọ ọ́ fún. Toni Morrison, obìnrin òǹkọ̀wé náà l'Amẹ́ríkà, òun nìkan ló ń tọ́mọ, ó tún ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, àfẹ̀mọ́jú káwọn ọmọ tó jí ló fi ń kọ tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa, ìwé nóòtù ẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ á ti kọ ìlà bíi mẹ́ta, á wá mọ̀ọ́mọ̀ fi gbólóhùn kan sílẹ̀ láìparí kó lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìtàn ẹ̀ ń gùn sí i o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ìtàn kúkúrú látọwọ́ àwa òǹkàwé, kẹ́ ẹ sì kọ gbèdéke ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gba ìtàn mọ síbẹ̀ gàdàgbà.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Òṣogbo.